Bí A Ṣe Ń Yan Irúgbìn Àgbàdo Tí Yóò So Dáadáa ní Oko Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní àwọn abúlé tó lọ dé Ifẹ̀wàrà ló máa ń dúró di ìgbà tí àgbàdo bá ti wọlé tán kí wọ́n tó ṣa èyí tó tóbi jù nínú òkìtì sọ́tọ̀ fún irúgbìn. Àṣà náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró síwájú òkìtì kò lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ tó lọ́ràá ló mú kí ọmọ àgbàdo náà tóbi, tàbí pé ohun tí igi rẹ̀ jogún ló dára ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Irúgbìn kì í jogún ilẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí àgbàdo ṣì wà lórí ìdúró ni kí ẹ ti yan èyí tí ẹ ó gbìn.

Kò sí jíìnì kan ṣoṣo, ìyẹn ohun tíntìntín tó ń gbé àjogúnbá láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ, tí a lè nawọ́ sí pé òun ni jíìnì ìkórè. Àgbàdo ní krómósómù 20, ìyẹn àwọn okùn tíntìntín tí jíìnì tò sí, àwọn jíìnì tó ń pín iṣẹ́ yìí ṣe sì fọ́n ká sórí gbogbo wọn. Òmíràn ń fi kún iye hóró, òmíràn ń mú òdòdó tètè yọ, òmíràn ń jẹ́ kí gbòǹgbò di ilẹ̀ mú, díẹ̀díẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń fi kún ìkórè. Ti àlìkámà, tí àwọn àgbẹ̀ Kánò àti Jigawa ń bomi rin lásìkò ọyẹ́, tilẹ̀ tún díjú ju èyí lọ, nítorí krómósómù 42 ló ní, ọ̀dọ̀ koríko mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti ṣẹ̀ wá. Lóòótọ́, jíìnì tó ń sọ igi di kúkúrú, èyí tó wà nínú àlìkámà Jàpáàn kan tí wọ́n ń pè ní Norin 10, ni Norman Borlaug, onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ará Amẹ́ríkà, lò ní Mẹ́síkò tí ìkórè fi pọ̀ sí i ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1970. Ohun tí jíìnì náà ṣe ni pé igi kúkúrú kì í tètè wó bí ajílẹ̀ bá pọ̀, oúnjẹ tí ì bá sì lọ sára igi ń bọ́ sínú hóró. Irú jíìnì alágbára bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kò sì yẹ kí àgbẹ̀ máa retí rẹ̀.

Ẹ bó ọmọ àgbàdo kan kí ẹ sì wò ó dáadáa. Bí ẹ bá ka ìlà hóró tó yí ṣùkù ká, ẹ ó rí i pé 12 ni, tàbí 14, tàbí 16. Kì í sábà jẹ́ 13 tàbí 15, torí pé méjì-méjì ni àwọn òdòdó tó di hóró ń jókòó. Iye ìlà yìí, àjogúnbá ló ń darí rẹ̀ jù. Gígùn ìlà kọ̀ọ̀kan ni ojú ọjọ́ lè bà jẹ́, nítorí hóró kọ̀ọ̀kan ló ní irun tirẹ̀, irun tí àtíkè òdòdó (ìyẹ̀fun akọ tó ń já láti orí igi) kò bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní hóró nísàlẹ̀. Bí ọ̀dá bá dá nígbà tí irun ń yọ, orí ṣùkù á ṣófo. Bí gbogbo poro bá wá ṣófo lórí, tí igi kan láàárín wọn sì kún dé góńgó, igi yẹn ni kí ẹ sàmì sí.

Iye hóró àti ìwúwo hóró máa ń bá ara wọn jà: igi tí hóró rẹ̀ pọ̀ sábà máa ń ní hóró kéékèèké. Ẹ ka 100 hóró gbígbẹ láti ara èyí tí ẹ ń fi wéra, kí ẹ sì gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Kóńgò tí wọ́n fi ń ta àgbàdo ní ọjà Odò-Ògbè kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí hóró ńlá tó fúyẹ́ náà ń kún kóńgò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ rin oko náà já. Ìrìn àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ mo kà á sí èyí tó lérè jù. Nígbà tí òdòdó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí, tí kò tíì máa da àtíkè, ẹ gé òdòdó orí gbogbo igi tó tín-ín-rín, tó ti wó, tàbí tí ewé rẹ̀ ní ilà funfun àrùn. Ọmọ àgbàdo tí ẹ bá yàn, ìyá rẹ̀ nìkan lẹ mọ̀. Afẹ́fẹ́ ló gbé bàbá rẹ̀ wá. Bí ẹ bá ti mú àwọn bàbá tí kò dára kúrò, èrè ìyànsọ́tọ̀ yín ń pọ̀ sí i.

Ìrìn kejì jẹ́ ìgbà tí èèpo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ẹ pín oko sí abala kéékèèké, bíi 40 igi ní abala kan, kí ẹ sì mú igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dára jù láti inú abala kọ̀ọ̀kan, kódà bí abala kan bá dà bí ẹni pé ó dára ju gbogbo ìyókù lọ. Ọgbọ́n tí Gardner, onímọ̀ nípa irúgbìn àgbàdo, lò ní Nebraska ní Amẹ́ríkà nìyí, tó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1961: igi tí ẹ bá fi wé aládùúgbò rẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà ni ẹ lè mọ ohun tó jogún. Ẹ má ṣe mú igi etí oko, tàbí èyí tí àyè ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí èyí tó hù níbi àkìtàn àtijọ́. Ẹ so àgékù aṣọ mọ́ àwọn tí ẹ yàn.

Ní ti oko aládùúgbò, bí ẹ bá gbin àgbàdo funfun tí ẹ sì rí hóró pupa láàárín hóró funfun, àtíkè ti fò wọ oko yín nìyẹn. Àlàfo 200 mítà ló yẹ kó wà láàárín oko méjì, ṣùgbọ́n níbi tí oko ti fara kan oko bíi tiwa, ó sàn kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin yàtọ̀ sí ìgbà tí aládùúgbò gbìn, kí ẹ sì mú irúgbìn láàárín gbùngbùn oko.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ àgbàdo tí ẹ yàn dín ní 100. Àlìkámà ń fún ara rẹ̀ lóyún, nítorí náà igi kan ṣoṣo tó dára lè di irúgbìn. Àgbàdo tí a bá mú láti ara igi díẹ̀, ìbátan ni yóò máa gùn ìbátan, ìran rẹ̀ á sì máa rẹ̀yìn lọ́dọọdún. Àgbàdo háíbírìdì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gùn ara wọn bí, tí ẹ rà nínú ọ̀rá kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá, torí ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́.

Àgbàdo àrọ̀kúrò, tí à ń gbìn ní oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, ni mo fẹ́ràn fún irúgbìn, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bá gbẹ, nígbà tí ti àkọ́rọ̀ òjò ń gbó sínú ọ̀rinrin oṣù keje. Ẹ yọ hóró góńgó àti ti ìdí ṣùkù kúrò, kí ẹ sì da hóró àárín láti ara gbogbo wọn pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Kí ó tó di ìgbà gbígbìn, ẹ gbé 100 hóró sínú aṣọ tútù. Bí èyí tó hù kò bá tó 85, ẹ fi kún iye tí ẹ ń jù sí ihò kan.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ẹ gbin poro díẹ̀ nínú irúgbìn àtijọ́ sáàárín ti tuntun, kí ẹ sì wọn hóró gbígbẹ láti ara méjèèjì. Ó lè gbà tó ìran mẹ́ta kí ìyàtọ̀ tó hàn lórí òṣùwọ̀n. Bí kò bá sì hàn rárá, ẹ lọ wá irúgbìn mìíràn tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀.