Ẹ Yé Gé Òǹtẹ̀ Kúrò Lára Àpòòwé, àti Àwọn Àṣìṣe Mìíràn Tó Ń Jẹ Owó Yín

Kò sí oṣù kan tí ẹnìkan kì í gbé ọ̀rá dúdú wá bá mi ní Àjàṣẹ́ níbí, ní orílẹ̀-èdè Bénin, kó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, sítáǹpù àtijọ́ ni, èló lẹ máa rà á?” Èmi a yọjú wo inú ọ̀rá, inú mi a bàjẹ́. Òǹtẹ̀ ọjọ́ pàtàkì ni mo ń kó jọ tí mo sì ń tà, èyí tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń tẹ̀ sórí àpòòwé nítorí àjọ̀dún, àpérò, ìdíje tàbí àlejò ńlá. Ẹni tó ń ka èyí ti mọ ìyẹn, n kò ní padà sí A, B, D. Ibi tí owó yín ń gbà jáde ni mo fẹ́ sọ, torí ó ti sú mi láti máa wò ó. Bí mo bá bá yín wí, ẹ fara dà á. Ìyàwó mi náà ní ẹnu mi ti mú jù láti ìgbà tí páálí àpòòwé ti gba ibi tó yẹ kí àga wà nínú yàrá wa.

Àkọ́kọ́, ríra nǹkan láì mọ ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín. Ẹ rí àpòòwé òṣùpá, ẹ ti ń ronú ilé alájà. Sítáǹpù tí Amẹ́ríkà fi ṣèrántí ẹni àkọ́kọ́ tó tẹ òṣùpá jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án 1969, àpòòwé tó gba òǹtẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Mílíọ̀nù mẹ́jọ! Ẹni tó fẹ́ ẹ nílùú òyìnbó ti ní in, ọmọ rẹ̀ ti jogún rẹ̀, ọmọ ọmọ ti ń wá ẹni tí yóò bá a gbé e kúrò nílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ṣábẹ̀ ra odidi álúbọ́ọ̀mù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó san owó ìfiránṣẹ́, ó san owó dúwáànù fún àwọn aṣọ́bodè, ó wá ń bi mí bóyá mo mọ ará Jámánì tó máa rà á. Kí ni ará Jámánì fẹ́ fi ṣe, nígbà tó jẹ́ pé apá ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ló ti rà á wá?

Bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe tóbi tó kọ́ ló ń mówó wá. Iye tó ṣẹ́kù àti iye ẹni tó ń wá a ni. Ẹni tó ń kó ìrìnàjò Póòpù jọ lè má bìkítà nípa Bénin rárá, ṣùgbọ́n Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì wá síbí ní oṣù kejì 1982, ó tún wá ní oṣù kejì 1993, Benedict Kẹrìndínlógún náà wá ní oṣù kọkànlá 2011. Àlàfo wà nínú ìwé ẹni náà tí kò ní dí bí kò bá rí àpòòwé tó gba òǹtẹ̀ níbí lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òǹtẹ̀ ojoojúmọ́ lásán. Ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ Francophonie, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, jọ ń wá Kútọnu oṣù kejìlá 1995, nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè pé jọ síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn agọ̀ àti ijó á fẹ́ ohun tó bá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tan, pàápàá bí òǹtẹ̀ bá jẹ́ ti Kétu, torí UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fáyé láti 2001. Ẹ mọ irú oníbàárà tí ẹ ń ra ọjà fún kí ẹ tó tọwọ́ bàpò.

Ẹ̀kejì ló ń dùn mí jù: gígé sítáǹpù kúrò lára àpòòwé.

Ta ló kọ́ yín? Mo mọ̀, álúbọ́ọ̀mù ni. Ẹ ra èyí tó ní ojú kéékèèké, àpòòwé ò wọ inú rẹ̀, ẹ wá fi àlùmọ́gàjí yanjú ọ̀rọ̀. Òǹtẹ̀ kì í ṣe ti sítáǹpù nìkan. Apá kan rẹ̀ wà lórí sítáǹpù, apá kejì wà lórí pépà. Àdírẹ́sì ń sọ ibi tí lẹ́tà ń lọ. Ẹ̀yìn àpòòwé lè ní òǹtẹ̀ ìlú tó gúnlẹ̀ sí. Bí ẹ bá ro iye ara sítáǹpù pọ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá owó tó yẹ ni wọ́n san, tàbí ẹnìkan kàn lẹ odidi ọ̀wọ́ mọ́ ọn kó lè lẹ́wà. Gbogbo ìyẹn lẹ gé dànù, ẹ wá fi èyí tó kún ọjà pamọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí Kétu, ilé òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ti di olóògbé. Bàbá náà kì í da lẹ́tà nù: lẹ́tà ìgbà tí Bénin ṣì ń jẹ́ Dahomey, lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ sílé nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́tà tí ìyàwó rẹ̀ ń kọ sí i láti Kétu. Oníbàárà mi kan ní Faransé ti ń bi mí nípa òǹtẹ̀ Kétu tipẹ́. Mo wọ táksí, mo ti ń ka owó ní ọkàn mi kí a tó kọjá Pobè. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí abọ́ ìfọṣọ aláwọ̀ búlúù. Omi inú rẹ̀ ti dúdú díẹ̀, sítáǹpù ń léfòó lójú omi, àwọn mìíràn ti dojú bolẹ̀ lórí ìwé ìròyìn, wọ́n ń gbẹ lóòrùn. Àbíkẹ́yìn bàbá náà dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Bàbá, mo ti bá yín tún un ṣe kẹ́ ẹ tó dé.”

Ó ti bá mi tún un ṣe! Àwọn àpòòwé wà nínú garawa ìdọ̀tí, ó ti ya igun òkè lápá ọ̀tún gbogbo wọn. Mo yọ ọ̀kan jáde. Apá òsì nìkan ló kù nínú òǹtẹ̀ rẹ̀: KÉ lókè, DAHO nísàlẹ̀. TOU àti MEY wà nínú abọ́. Ọjọ́ tó wà láàárín ti pín sí méjì, mo rí oṣù, n kò rí ọdún. Mo bi í pé ṣé kò rí òǹtẹ̀ náà ni. Ó ní òun rí i, ìdọ̀tí lòun pè é, òun tiẹ̀ ti fi bọ́ròṣì ìfọyín gbìyànjú kó lè kúrò. Mo jókòó. Wọ́n bu omi fún mi, mo mu ún, mo kí wọn kú ará fẹ́ra kù, mo sì wọ táksí padà. Irú sítáǹpù bẹ́ẹ̀, tó ti kúrò lára àpòòwé, ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wà nínú ọ̀rá kan lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò òkèèrè, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan.

Ẹlòmíràn á ní, “Èmi ò rẹ ẹ́ sómi o, onígun mẹ́rin ni mo gé e, òǹtẹ̀ wà lódidi.” Ó sàn ju ti abọ́ ìfọṣọ lọ. Àmọ́ àdírẹ́sì dà? Ẹ̀yìn rẹ̀ dà? Ìdá díẹ̀ nínú owó odidi ni wọn yóò san fún yín. Bí ẹlòmíràn bá ti gé e kó tó kàn yín, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i mọ́. Ẹ̀yin ẹ má gé tiyín. Bí álúbọ́ọ̀mù ò bá gbà á, páálí bàtà wà. Páálí bàtà tó wà nílé mi pọ̀ ju bàtà mi lọ dáadáa.

Ẹ̀kẹta, ìwà yín níwájú kóńtà. Ẹ ò kí òṣìṣẹ́, ẹ da ogún àpòòwé sílẹ̀ níwájú rẹ̀ nígbà tí èrò tò lẹ́yìn yín, ẹ wá ń retí òǹtẹ̀ tó mọ́. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, mo rí òṣìṣẹ́ kan tó ń lu òǹtẹ̀ bí ẹni ń pa èkùrọ́, ojú rẹ̀ wà lára tẹlifóònù, àpòòwé ọmọbìnrin kan sì ń kún fún yíǹkì. Òṣìṣẹ́ jẹ̀bi. Ọmọbìnrin náà jẹ̀bi pẹ̀lú: àpòòwé rẹ̀ ṣófo, kò sì sí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítáǹpù tí òǹtẹ̀ lè bà lé. Ẹ ti káàdì tó nípọn bọ inú àpòòwé kí ẹ tó kúrò nílé, òǹtẹ̀ á dúró dáadáa, àpòòwé ò sì ní ká. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí orúkọ ìlú àti ọjọ́ lè hàn lórí pépà. Ẹ bẹ òṣìṣẹ́ kó kọ́kọ́ dán an wò lórí pépà lásán, torí èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú yíǹkì bọ̀ máa ń rin jù. Ẹ lọ nígbà tí èrò kò pọ̀. Wọ́n ti mọ èmi débi pé bí mo bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan á ké sí èkejì pé, “Bàbá Kaṣé ti dé, gbé yíǹkì tuntun pamọ́.” Òǹtẹ̀ ni Faransé ń pè ní kaṣé. Kò burú. Òǹtẹ̀ mi ń mọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni kó yí ọjọ́ orí òǹtẹ̀ padà sẹ́yìn fún yín. Èrú ni, àṣírí rẹ̀ sì ń tú. Ẹnìkan gbé àpòòwé wá fún mi, òǹtẹ̀ orí rẹ̀ jẹ́ ti 26 oṣù kẹwàá 1972, ọjọ́ tí sójà tó ń jẹ́ Kérékou gbàjọba níbí. Ohun tó wà lórí sítáǹpù ni République Populaire du Bénin. Dahomey ni orílẹ̀-èdè yìí ń jẹ́ títí di 30 oṣù kọkànlá 1975! Mo fi hàn án, ó ní bóyá ilé ìfìwéránṣẹ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Sítáǹpù tó ní orúkọ àtijọ́ lè pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn kó tó lò ó, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ tuntun ni kò lè ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Populaire ṣe kúrò nínú orúkọ wa ní 1990, lẹ́yìn Àpérò Gbogboogbò ti orílẹ̀-èdè. Ẹ kọ́ ọjọ́ wọ̀nyí sórí, wọn ò gùn. Ní ti sítáǹpù Dahomey tí wọ́n tẹ orúkọ Bénin àti iye tuntun lé lórí, ayédèrú wà nínú rẹ̀. Bí ojú yín kò bá tíì mọ ojúlówó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Sẹ́lótéèpù: rárá.

Ẹni tó bá fi ike gbígbóná bo àpòòwé, tí wọ́n ń pè ní laminéṣọ̀n, kó yáa fi kọ́ ògiri.

Bíírò lẹ́yìn àpòòwé láti kọ iye tí ẹ rà á: pẹ́ńsù ni, kó sì rọra.

Nọ́ńbà wo la wà báyìí? Ẹ jẹ́ ká pa nọ́ńbà tì.

Àwọn tó ń kọ̀wé sí òkèèrè láti gba òǹtẹ̀, ẹ̀yin náà ń da owó sómi. Ní Amẹ́ríkà, bí ayẹyẹ bá ti kọjá, àyè 30 ọjọ́ ló wà láti fi àpòòwé ránṣẹ́ fún òǹtẹ̀ alàwòrán rẹ̀. Ó jọ pé ó pọ̀, àfi bí ẹ bá rántí bí lẹ́tà ṣe ń pẹ́ tó láti ọ̀dọ̀ wa. Sítáǹpù wọn ló gbọ́dọ̀ wà lórí àpòòwé. Ti Bénin kò lè san owó lẹ́tà láti Chicago wá sí Àjàṣẹ́, síbẹ̀ ẹ ń lẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn ń ra kúpọ́nù ìdáhùn, ìwé tí ẹni tó wà lókèèrè lè fi gba sítáǹpù èsì, tí agbára rẹ̀ ti tán. Èyí tó ní orúkọ Istanbul dópin ní 31 oṣù kejìlá 2021, ti Abidjan ní 31 oṣù kejìlá 2025. Ọjọ́ náà wà lára rẹ̀ gbangba, ẹ kàn kọ̀ láti kà á ni.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ pépà. Bí ẹ bá kó àpòòwé sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lórí sìmẹ́ńtì, òjò kan á rọ̀, òmíràn á rọ̀, àmì pupa-rúsúrúsú á yọ lára pépà, kò sì sí ohun tó ń mú un kúrò pátápátá. Ẹ gbé e sókè sí ibi tí atẹ́gùn ń dé, tí oòrùn kò sì tàn sí. Ike PVC tó rọ̀, tó sì ń rùn, ń ba pépà àti yíǹkì jẹ́ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Ike pọlipropilíìnì tàbí ti poliẹ́sítà ni kí ẹ béèrè. Rọ́bà tí ẹ fi ń di owó ń yọ́ nínú ooru, ó ń lẹ̀ mọ́ àpòòwé, ó sì ń fi ilà sílẹ̀.

Ó wá ku títà. Ẹ ṣí kátálọ́ọ̀gù Yvert, ìwé iye owó sítáǹpù, ẹ rí iye kan, ẹ ní iye yẹn gan-an lẹ ó gbà. Ta ni yóò san án? Ẹ wo iye tí irú àpòòwé bẹ́ẹ̀ tà ní tòótọ́ lórí Delcampe tàbí eBay, àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe iye tí ẹlòmíràn kọ sí i tí kò sì rí ẹni rà á láti ọdún mélòó kan. Ẹ kọ owó yín sí yúrò fún ará Yúróòpù: yúrò kan jẹ́ 655.957 fáráǹkì CFA, kò yí padà, kò sí ìdí láti máa méfò. Orúkọ ìlú, ọdún àti ìṣẹ̀lẹ̀ ni kó ṣáájú nínú àkọlé, ní èdè Faransé tí oníbàárà fi ń wá a. “Àpòòwé tó rẹwà gan-an” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ ya ti ẹ̀yìn. Bí àpòòwé bá fàya, ẹ sọ pé ó fàya, kí ẹ sì fi ibi tó ti fàya hàn, torí ẹni tó ti ń kó òǹtẹ̀ jọ fún ogún ọdún máa ń wo igun kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnìkan bá sì bi yín ní iye rẹ̀ ní gbangba, ẹ dá a lóhùn ní gbangba. “Ẹ wá bá mi ní ìkọ̀kọ̀” ń lé oníbàárà lọ.

Ẹ sì dì í dáadáa. Aládùúgbò mi kan ta àpòòwé ọjọ́ àkọ́kọ́ kan fún ará Lyon, ó tì í sínú àpòòwé ńlá lásán, ẹni náà gbà á ní kíká sí méjì, ó sì gba owó rẹ̀ padà. Páálí méjì ni kí ẹ fi há a, kó tóbi ju àpòòwé lọ níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ike sí i nítorí òjò, kí ẹ sì kọ Ne pas plier (“ẹ má ṣe ká a”) síwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ san ti recommandé, lẹ́tà tí wọ́n ń fi orúkọ sílẹ̀ fún, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà lọ́jọ́ náà gan-an.