Bí ibi ọmọ bá lẹ̀ mọ́ àpá iṣẹ́ abẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Dókítà, iṣẹ́ abẹ ni mo fi bí ọmọ méjèèjì. Ní oyún yìí, skáànì ní ibi ọmọ bo ẹnu ilé ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ dà lára mi lánàá, àmọ́ kò dùn mí. Ṣé kí n ṣì máa wò ó?

Ìdáhùn: Ẹ má wò ó, ẹ̀yin màmá. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀jẹ̀ nípamọ́ lónìí yìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ọwọ́ bọ ojú ara yín láti yẹ̀ yín wò. Ibi ọmọ tó bá bọ́ sórí àpá àtijọ́ lè ta gbòǹgbò wọnú ẹran ilé ọmọ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2006, bí ibi ọmọ bá ti bo ẹnu ọ̀nà báyìí, nǹkan bí 40 nínú 100 obìnrin tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀mejì ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 35 ni wọ́n máa gbé ọmọ ìyàwó mi. Oṣù ò tíì pé!

Ìdáhùn: Bí ìrọbí bá mú un lóru, ẹ̀jẹ̀ á ti máa ya kí oníṣẹ́ abẹ tó dé. Abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n máa fún un kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè tètè gbó. Ní tiyín, ẹ kó ẹbí lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, dókítà kékeré ni mí. Bí mo bá gbé ọmọ tán, tí ibi ọmọ ò já ńkọ́? Ṣé kí n fà á?

Ìdáhùn: Rárá o! Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ilé ọmọ kọjá nígbà tí oyún bá gbó tó ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kan, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fífà yẹn ló ń pa wọ́n. Bí ẹ bá ti fura kí ẹ tó là á, ẹ la ilé ọmọ lókè, kó jìnnà sí ibi ọmọ. Ẹ gbé ọmọ, ẹ di ìwọ́, ẹ rán ojú ọgbẹ́ pa, kí ẹ wá yọ ilé ọmọ tòun ti ibi ọmọ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ikùn tí ẹ rí i, tí kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yọ nítòsí, bí ara ìyá àti ọmọ bá ṣì le, ẹ má fọwọ́ kan ilé ọmọ rárá. Ẹ pa ikùn dé, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò lè dá ilé ọmọ mi sí?

Ìdáhùn: Nígbà mìíràn, wọ́n lè ṣe é. Bó bá jẹ́ apá kékeré ló lẹ̀, wọ́n lè gé apá náà kúrò, kí wọ́n sì rán ìyókù. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ya, ẹ̀mí yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà.