Bí a ṣe ń ṣọ́ ẹni tó súnmọ́ aláìsàn ibà Lassa

Ọjọ́ tí ẹni náà fara kan aláìsàn kẹ́yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 21, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹ máa wọn ìgbóná ara rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá dé 38°C, ẹ má kàn dá a lé ibà ẹ̀fọn: ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ pe NCDC, àjọ ìjọba tó ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232 fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Inú kúlà oníyìnyín ni ẹ̀jẹ̀ náà yóò wà títí dé ilé àyẹ̀wò. Torí pé eku ló ń gbé ibà Lassa kiri, ẹ bi ará ilé léèrè eku àti gàrí tí wọ́n ń sá sílẹ̀ẹ́lẹ̀.