Pákó Oníhò fún Ọta Ìbọn: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ọdẹ Agbègbè Àbújá

Ìwé yìí wà fún àgbẹ̀ tàbí ọdẹ tó ní ìbọn ọlọ́ta nílé, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ní Kwali, Kuje, Abaji àti Gwagwalada mọ ohun tí ọ̀yà àti ọ̀bọ ń fi àgbàdo ṣe, a ò ní bá yín jà pé ẹ fi ìbọn ṣọ́ oko. Ohun tó ń kó wa láyà sókè ni ibi tí ọta ń sùn tí ẹ bá ti oko dé: nínú àpò ṣòkòtò tó wà lára ìṣó, nínú agolo mílíìkì lábẹ́ ibùsùn, nínú ọkọ̀. Ọmọ tó ń wá owó bisikíìtì kiri ló máa ń kọ́kọ́ rí i.

Ohun tí à ń dábàá kò le. Kí ẹ ní pákó kan tó ní ihò 25, kí ọta kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀, kí pákó náà sì wà nínú àpótí tó ṣeé tì. Páálí tí ilé-iṣẹ́ ń kó ọta géèjì 12 sí sábà máa ń gba 25, ìdí nìyẹn tí a fi mú iye náà. (Géèjì ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ọta ṣe fẹ̀ tó: bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ọta ṣe ń fẹ̀ tó.) Bí ẹ bá ti ṣí àpótí, ojú yóò ti rí ihò tó ṣófo kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ọ̀rọ̀ òfin kí a tó dé ọ̀dọ̀ káfíńtà

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ kan máa ń tún ikaraun ọta tí wọ́n ti yìn kún nínú ilé wọn. Irú pákó oníhò yìí ni wọ́n fi ń to ikaraun náà ní ìdúró, kí wọ́n lè tan iná sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n rí èyí tí kò ní ètù àti èyí tí wọ́n da ètù sí lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ibẹ̀ gbà wọ́n láyè. Tiwa kò gbà. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 kò fàyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ṣe ọta nílé, ìbáà jẹ́ pé ìwé àṣẹ ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe tún ikaraun kún, ẹ má sì ra ọta lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ká tiẹ̀ fi ti ẹ̀wọ̀n sílẹ̀, ètù tó bá lé díẹ̀ lè fọ́ ìbọn mọ́ yín lójú. Pákó nìkan la yá lọ́wọ́ wọn.

Igi

Ẹ lọ sí ọjà pákó ní Dei-Dei, tàbí ọ̀dọ̀ káfíńtà tó bá súnmọ́ yín, kí ẹ bèèrè àjẹkù pákó tó nípọn ní ínǹṣì kan. Ọ̀gànwó dára, afárá náà dára. Orúkọ igi kò tilẹ̀ jẹ́ nǹkan tó bí gbígbẹ rẹ̀. Pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lásìkò òjò ṣì ní omi nínú, tí ọyẹ́ bá sì dé ní oṣù Kejìlá, yóò sún kì. Ihò tó rí róbótó ní oṣù Kẹjọ yóò fún ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ọta yóò sì máa há sínú rẹ̀. Ẹ gbé pákó náà léwọ́: èyí tó tutù máa ń wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, ohùn rẹ̀ a sì máa kú bí ẹ bá fi ìka kàn án. Tí irú rẹ̀ nìkan lẹ bá rí, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí òrùn má pa á, títí yóò fi gbẹ dáadáa.

Kí káfíńtà gé e sí sẹ̀ǹtímítà 20 ní òró, 20 ní ìbú. Ẹ fa ìlà márùn-ún ní òró àti márùn-ún ní ìbú: ìlà tó wà ní ìpẹ̀kun jìnnà sí etí pákó ní sẹ̀ǹtímítà 3, àwọn ìlà sì jìnnà síra wọn ní mílímítà 35. Ibi tí ìlà méjì bá ti pàdé ni ihò yóò wà. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 8 tó o, torí gígùn ọta tuntun kò sábà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ.

Ihò

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ara ọta géèjì 12 fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 20 àti ààbọ̀. Ètè idẹ tó yí ìdí rẹ̀ ká fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 22 àti ààbọ̀. Ihò mílímítà 21 yóò gba ara ọta wọlé, ètè yóò sì dúró lórí pákó, kí ọta lè rọ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀ lókè. Ṣùgbọ́n ètè ọta géèjì 20 kò ju nǹkan bíi mílímítà 19 àti ààbọ̀ lọ. Ẹ fi í sínú ihò kan náà, yóò já bọ́ sísàlẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìró rẹ̀.

Èyí gan-an ló mú wa fẹ́ràn pákó yìí. Tí ọta géèjì 20 bá ṣèèṣì wọ ìbọn géèjì 12, kì í dúró níbi tí a ti ń ki ọta, ńṣe ló máa ń yọ̀ wọ inú irin lọ, tí yóò sì há síwájú. Ọdẹ yóò wo ìbọn, yóò rò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, yóò ki géèjì 12 tẹ̀ lé e. Bó bá yìn ín, irin ìbọn á bẹ́, ọwọ́ tó fi di irin náà mú sì wà níbẹ̀. Nítorí ewu yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe ike géèjì 20 ní àwọ̀ òfeefèé. Àwọ̀ náà wúlò, àmọ́ lóru, tí bátìrì tọ́ọ̀ṣì ti ń lọ, tàbí lára ọta àtijọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, kò tó ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹnu dírìlì oní-mílímítà 21 kì í sábà sí lọ́wọ́ káfíńtà. Kó fi 20 lu, kó wá yí sánpépà mọ́ igi róbótó kan, kó máa fi fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbà fún un tó bá ní kí òun fi 22 lu. Ètè ọta á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rì sínú ihò. Ikaraun òfìfo ni kí ẹ gbé lọ fún un láti fi wọ̀n ọ́n, ẹ má gbé ọta tó ní ètù lọ sí ìsọ̀ káfíńtà. Ikaraun tí ẹ ti yìn máa ń wú díẹ̀, nítorí náà ihò tó bá gbà á yóò gba ọta tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ kun pákó ní fáníìṣì, ẹ kun òkè rẹ̀ nìkan, ẹ fi inú ihò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àpótí àti ìdérí

Ìdí ọta tó kọjú sókè ní ewu tirẹ̀. Láàárín idẹ náà ni ohun róbótó kékeré tí abẹ́rẹ́ ìbọn ń gún wà, ohun líle tó bá bọ́ lù ú sì lè mú kí ọta dún. Nítorí èyí, àwọn kan fẹ́ kí ìdí ọta wà nísàlẹ̀. Àwa yàn pé kó wà lókè, kí ẹ lè ka 12 tí wọ́n tẹ̀ sára idẹ. Ṣùgbọ́n ìdérí àpótí gbọ́dọ̀ ga ju ìdí ọta lọ ní ìbú ìka mẹ́ta, kí ìṣó kankan má sì yọ orí nínú rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé pákó náà rìn láìjẹ́ pé ó wà nínú àpótí tí ẹ ti tì.

Àgádágodo tó le ni kí ẹ fi tì í, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má bá ti ibi tí ìbọn wà gbé pọ̀. Ìbọn fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo, kó wà níbòmíràn, lábẹ́ àgádágodo tirẹ̀. Ẹ má gbé àpótí ọta sí ilé ìdáná tàbí ẹ̀gbẹ́ epo jẹnẹrétọ̀, ẹ má sì gbé e sí òkè àjà: abẹ́ páànù ní oṣù Kẹta gbóná ju ohun tó yẹ ọta lọ. Inú ọkọ̀ tó wà lóòrùn náà kò dára. Ètù ṣakabùlà kò gbọdọ̀ bá a gbé inú àpótí kan náà.

Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí òróró nu ọta. Òróró lè rá wọ ìdí rẹ̀, kí ọta má dún mọ́. Ẹ má sì fi ọta sílẹ̀ nínú bẹ́líìtì awọ fún ìgbà pípẹ́, pàápàá lásìkò òjò. Idẹ rẹ̀ á yọ ìpẹtà aláwọ̀ ewéko. Ọta tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má kì í sínú ìbọn.

Ọta tí ẹ yìn tí kò dún

Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn wà níbi tí kò sí èèyàn, kí ẹ má ṣí i fún ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 30, torí ó lè dún lẹ́yìn tí ẹ ti rò pé ó kú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́. Irú ọta yìí kò gbọdọ̀ padà sáàárín àwọn tó kù. Ẹ ní kí káfíńtà lu ihò méjì, mẹ́ta sí pákó kékeré mìíràn, kí ẹ fi ọ̀dà pupa kùn ún, ibẹ̀ ni kí ẹ fi í sí. Ẹ má fi ọ̀bẹ la ọta náà, ẹ má sọ ọ́ síná, ẹ má jù ú sí ṣáláńgá. Ẹ kàn sí oníṣòwò ọta tó ní ìwé àṣẹ, tàbí ọlọ́pàá, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín.

Kíkà

Ẹ wo pákó kí ẹ tó lọ sóko, ẹ tún wò ó bí ẹ bá ti dé, kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ tó jẹun. Ẹ kọ iye tó jáde àti iye tó wọlé sínú ìwé kékeré tó wà nínú àpótí. Bí ihò kan bá ṣófo tí ẹ ò mọ ibi tí ọta rẹ̀ wọlé sí, ẹ wá a lọ́jọ́ náà: inú àpò, inú ọkọ̀, orí ọ̀kadà, ojú ọ̀nà oko. Ẹ bi àwọn ọmọ láì lù wọ́n, kí ẹni tó mú un lè sọ òótọ́. Bí ẹ kò bá sì rí i, ẹ lọ fi tó àgọ́ ọlọ́pàá létí.