Àìsàn ní Ìlú Ọba: Àwọn Àṣìṣe tí Akẹ́kọ̀ọ́ Wa Máa Ń Ṣe

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ bàálù lọ sí Ìlú Ọba, ó ti sanwó dókítà. £776 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún kan, yàtọ̀ sí owó físà fúnra rẹ̀, kí NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, lè máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó máa lo ọdún mẹ́ta ti san ju £2,000 lọ. Àmọ́ bí àìsàn bá dé, inú yàrá lọ̀pọ̀ ọmọ wa máa ń dùbúlẹ̀ sí, wọ́n á fi kúbùsù borí, wọ́n á máa lo oògùn tí ìyá wọn dì sínú àpótí fún wọn. Owó ti lọ, ìtọ́jú ò sì dé.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé wọn kì í forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, títí ara á fi gbóná. Òun ni ẹnu ọ̀nà. Òun ló ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn dókítà àgbà ní ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ ò lè dédé gbéra lọ bá oníṣègùn ọkàn bí a ṣe ń ṣe l'Ékòó. Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé gan-an ni kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Tí wọ́n bá sì sọ fún yín ní England pé àfi kẹ́ ẹ mú ìwé tó fi ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé hàn wá, òfin ò béèrè bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kó kúrò ní Leeds lọ sí Coventry, ẹ wá GP mìíràn ní Coventry.

Èyí tó kàn ni mo rò pé ó burú jù, torí ilé la ti kó o wá. A kì í sọ àìsàn tán. Tí wọ́n bá bi wá pé ṣé dáadáa la wà, a ó ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tó ń gbọ̀n pàápàá á ní ó ti ń lọ sílẹ̀. Nílé, àgbàlagbà á wo ojú yín, á fẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn yín, á mọ̀ pé ẹ̀ ń purọ́. Dókítà Òyìnbó tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò ráyè ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní ara ń le, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ń le, yóò sì pe aláìsàn mìíràn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kẹ́ ẹ tó pè wọ́n, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó ń dùn yín, ohun tẹ́ ẹ ò lè ṣe mọ́ nítorí rẹ̀, àti gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti lò. Ẹ fi àgbo kún un. Ẹ má tijú. Dókítà fẹ́ mọ̀ kó má baà kọ oògùn tó máa bá a jà nínú ara yín ni. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ tẹ́ ẹ ò lè sọ fún ọkùnrin, ẹ ní obìnrin lẹ fẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ládìde jù. Nílé, bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni wọ́n á ti máa béèrè bóyá AA, AS tàbí SS lẹ jẹ́. Níbẹ̀ yẹn, wọ́n lè má bi yín rárá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, kó tó di pé òtútù oṣù kìíní gbé ìrora dé.

Ibà wá ńkọ́? Ojú méjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní. Bí orí bá ń fọ́ wa, tí ara gbóná, ibà la máa ń pè é, a ó sì gbé Coartem mì. Ẹni tó ti lé lọ́dún kan ní Manchester láìwálé, tí ikọ́ àti ọ̀fìnkìn wá mú nígbà òtútù, kò dájú pé ibà ni, torí ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í gbé ibà kiri. Ó fi oògùn ṣòfò ni.

Ojú kejì ló ń pani. Akẹ́kọ̀ọ́ wálé wá ṣe Kérésìmesì, kò lo oògùn adènà ibà, ó ní ṣebí ilé òun ni. Ara tó ti pẹ́ tí ẹ̀fọn ti jẹ kẹ́yìn ò lè bá ibà jà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ̀fọn Ìbàdàn ò sì ní béèrè agbo ilé yín kó tó gún yín. Ibà sábà máa ń yọjú láàárín ọjọ́ 7 sí 18 lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá jẹni, nígbà tí ẹ ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ yín. Ó sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó ọdún kan. Tí ara yín bá gbóná lẹ́yìn irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ẹ pe 111, ìyẹn nọ́ńbà tí NHS fi ń gbani nímọ̀ràn, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí A&E, ìyẹn ibi ìtọ́jú pàjáwìrì nílé ìwòsàn, lọ́jọ́ náà. Kẹ́ ẹ tó sọ nǹkan mìíràn, ẹ sọ pé Nàìjíríà lẹ ti dé. Dókítà tó ń rí ọ̀fìnkìn láràárọ̀ lè má ronú kan ibà tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́. Irú ibà tó wọ́pọ̀ nílé wa lè gba ẹ̀mí láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà ẹ má fi àgbo sún un di ọ̀la.

Ẹ má retí kémíìsì tó máa ṣa oògùn pọ̀ sínú ọ̀rá fún yín. Wọn ò ní ta Ampiclox fún yín láìsí ìwé dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé. Tramadol ńkọ́? Òfin mú un gan-an níbẹ̀ láti 2014. Ẹ má gbé e wọ̀lú láìsí ìwé dókítà. Síbẹ̀, kémíìsì ibẹ̀ wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Láti ìparí oṣù kìíní 2024, wọ́n lè tọ́jú àìsàn méje ní England láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ rí GP. Ọ̀fun dídùn wà lára wọn, àti kí ìtọ̀ máa ta obìnrin. £9.90 ni oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà bá kọ ní England, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni ní Scotland, Wales àti Northern Ireland. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ń ṣòro fún lè kọ fọ́ọ̀mù HC1 kí wọ́n lè bá a dín in kù tàbí kí wọ́n fagi lé e pátápátá. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn òtútù tí wọ́n ń pò mọ́ omi gbígbóná: paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún ń lo Panadol pẹ̀lú rẹ̀, ìlọ́po méjì lẹ̀ ń lò. Kò gbọ̀dọ̀ ju hóró mẹ́jọ ti 500mg lọ láàárín wákàtí 24.

Àyà dídùn, èémí tí kò já gaara, ara ríro tàbí ara gbígbóná tó dé bá ẹni tó jẹ́ SS: 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, tàbí A&E ni. Bákan náà ni tí nǹkan bá sú sára yín, tẹ́ ẹ fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ tí kò pòórá. Lórí awọ dúdú, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú.

Ẹ̀rù físà náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń ṣàìsàn, wọ́n ń fi í pa mọ́ fún ilé ìwé, wọ́n ní wọ́n á dá wọn padà sílé. Tí wọn ò bá rí yín ní kíláàsì, tẹ́ ẹ ò sì sọ̀rọ̀, ìyẹn ló ń mú kí ilé ìwé kọ̀wé nípa yín sí iléeṣẹ́ tó ń rí sí físà. Ẹ kọ ímeèlì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má sì fara dà á wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, torí lọ́pọ̀ yunifásítì, ẹni tó bá ti jókòó kọ ìdánwò ti jẹ́wọ́ pé ara òun le. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó, tẹ́ ẹ bá ń bì tàbí ẹ̀ ń ṣu gbuuru, ẹ jẹ́ kó dá fún wákàtí 48 kẹ́ ẹ tó padà síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti pé ọmọ ọdún 18, ilé ìwé kì í sábà pe ìyá yín láìgbàṣẹ lọ́wọ́ yín, àfi tọ́rọ̀ bá di pàjáwìrì. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè ní pàjáwìrì, ẹ má kọ ti bàbá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde nìkan. Ẹ fi ọ̀rẹ́ kan tó wà nítòsí kún un, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ kọ orúkọ òun, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà àwọn òbí yín sínú fóònù rẹ̀.