Àrùn BVD: Bí Àìsàn Kò Bá Kúrò Nínú Agbo Màlúù Yín

Ẹ̀yin ọlọ́sìn màlúù ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, bí ọmọ màlúù yín bá ń wúkọ́ lónìí, tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru lọ́la, tí ẹ gún un lábẹ́rẹ́ títí tí kò gbádùn, ẹ má kàn pààrọ̀ oògùn. Ó lè jẹ́ pé àrùn kan ló ti kọ́kọ́ ba agbára ara rẹ̀ jẹ́. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni BVD (Bovine Viral Diarrhoea, àrùn ìgbẹ́ gbuuru màlúù). Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kì í sì í ran èèyàn.

Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ara màlúù. Àwọn ọdẹ yìí gan-an ni fáírọ́ọ̀sì náà ń pa. Bí wọ́n bá ti dín kù, kòkòrò tó ti wà nímú ẹran tẹ́lẹ̀ láìṣe é ní nǹkan kan á rí àyè wọ ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà á sì bẹ̀rẹ̀. Àǹtíbáyótíìkì lè lé kòkòrò yẹn, àmọ́ kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Ara ọ̀pọ̀ màlúù tó ti dàgbà á borí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Inú oyún ló ti burú jù. Bí abo bá kó o nígbà tí oyún rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí ọjọ́ 40 sí 125, oyún náà lè bàjẹ́. Bí kò bá bàjẹ́, ara ọmọ inú kò tíì gbọ́n débi tí yóò fi mọ fáírọ́ọ̀sì lọ́tàá, á wá gbà á mọ́ra. Tòun tàrùn ni wọ́n á bí i, á sì máa tú u jáde nínú itọ́, ikun imú, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ títí dọjọ́ ikú. Òmíràn kì í dàgbà bó ṣe yẹ, irun rẹ̀ á rí wúruwùru, ikun á máa ṣàn nímú rẹ̀, àwọn tí wọ́n bí lásìkò kan náà á ga jù ú lọ. Òmíràn sì wà tó sanra, tára rẹ̀ ń dán. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí kò sẹ́ni tó máa fura sí i.

Bí ẹ bá ra màlúù ní kára (ọjà màlúù) Akínyẹlé, níbi tí ẹran òkè ọya ti ń pàdé, ẹ má tú u sáàárín agbo lọ́jọ́ náà. Ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, kí omi àti oúnjẹ rẹ̀ dá wà, kí dókítà ẹran sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Abo tó lóyún ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù: àyẹ̀wò lè má rí nǹkan kan lára rẹ̀, kí ọmọ inú rẹ̀ sì máa gbé àrùn. Bó bá bímọ, ẹ yẹ ọmọ náà wò kó tó dàpọ̀ mọ́ agbo. Abẹ́rẹ́ kan, ẹran kan. Mo mọ̀ pé owó ni, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹnu abẹ́rẹ́ máa ń gbé fáírọ́ọ̀sì yìí kiri.

Etí ọmọ màlúù ni dókítà sábà máa ń gé bíńtín fún àyẹ̀wò. Bó bá bá àrùn níbẹ̀, á tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, kó lè mọ̀ bóyá àrùn onígbà díẹ̀ ni. Bó bá ṣì wà, kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú agbo, ẹ má sì tà á fún ẹlòmíràn láti lọ sìn. Ẹ lè béèrè ọ̀nà àyẹ̀wò nílé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Àjẹsára wà fáwọn tó kù, àmọ́ ẹ má fọwọ́ ara yín gún abo tó lóyún, torí oríṣi kan ní ààyè fáírọ́ọ̀sì nínú, ó sì lè wọ ọmọ inú lára.