Owó Alágbàṣe Lórí Fóònù: Ẹ Tò Ó Kí Iṣẹ́ Tó Bẹ̀rẹ̀

Àwọn abúlé tí ètò ìrànwọ́ bíi NG-CARES bá gbé iṣẹ́ wá bá ni a kọ ìwé yìí fún, pàápàá ní ìhà Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Ìsin ní ìpínlẹ̀ Kwara. Iṣẹ́ náà lè jẹ́ ṣíṣán ojú ọ̀nà oko, gbígbẹ́ gọ́tà tàbí gbígbin igi. Láyé ìjọ́un, akápò á gbé owó sínú báàgì, á máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, owó á sì ti dín kó tó kan ẹni ìkẹyìn. Ẹni tó bá rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú, mọ ìdí mìíràn tí a fi ń fẹ́ ti orí fóònù.

Ṣùgbọ́n fóònù kì í dá olè dúró. Ẹni tó ń kọ orúkọ ló lè dá a dúró.

Orúkọ gan-an ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Gbogbo abúlé mọ Ìyá Bọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Sherifat ló wà nínú NIN rẹ̀. Orúkọ bàbá lè wà nínú NIN, kí ti ọkọ wà ní báńkì. Àwọn tó ń sanwó máa ń fi orúkọ inú ìwé wé ti inú àkáǹtì. Bí méjèèjì kò bá bára mu, wọ́n á yọ ẹni náà sẹ́yìn títí a ó fi yanjú ẹ̀. Nítorí náà, ẹ ní kí oníkálukú mú ìwé NIN rẹ̀ wá, kí ẹ da orúkọ kọ bó ṣe wà níbẹ̀, kí ẹ wá kọ èyí tí abúlé mọ̀ ọ́n sí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àkáǹtì ta ni? Ọ̀pọ̀ obìnrin á fún yín ní nọ́ńbà ọmọ wọn tó wà ní Ìlọrin, tàbí ti ọkọ. A kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó di ọkọ́ mú ni kí owó wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Niger, lẹ́yìn ọ̀dá ọdún 2009, wọ́n san owó ìrànwọ́ fún àwọn obìnrin abúlé kan lórí fóònù, wọ́n sì ka ti àwọn mìíràn lé wọn lọ́wọ́. Àwọn ti orí fóònù kò fi àkókò ṣòfò tó àwọn yòókù, oríṣiríṣi oúnjẹ sì pọ̀ sí i nílé wọn.

Àkáǹtì ìpele kìíní, tí NIN tàbí BVN lásán tó láti ṣí, ti tó alágbàṣe. Kò nílò fóònù ńlá, fóònù tọ́ọ̀ṣì náà á ṣe é. Kí káàdì ìpè má tán lórí láìnì, torí pé títẹ kóòdù báńkì ń jẹ owó: 6.98 náírà ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹ má jẹ́ kí láìnì dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láìlò, iléeṣẹ́ lè tì í pa; bí ó bá tún lo oṣù mẹ́fà mìíràn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbà á padà.

Owó POS ńkọ́? Ibí yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ alágbàṣe jẹ láìmọ̀. Kí ẹ tó fohùn ṣọ̀kan lórí owó iṣẹ́, ẹ béèrè iye tí àwọn oní-POS tó súnmọ́ yín ń gbà, ẹ fi owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ kún un, kí ẹ sì sọ fún àwọn alákòóso ètò pé kí wọ́n kà á mọ́ owó iṣẹ́. Owó tí a fi ránṣẹ́ tó bá ti tó 10,000 náírà sókè, ìjọba ń gba 50 náírà lórí rẹ̀. Bí gbogbo abúlé bá gba àlẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan náà, owó á tán lọ́wọ́ oní-POS, iye tó ń gbà á sì fò sókè. Ẹ pín in ní agbo ilé-agbo ilé, tàbí kí ó bọ́ sí ọjọ́ ọjà.

PIN kì í ṣe ohun tí à ń kọ sí ẹ̀yìn fóònù tàbí tí à ń sọ fún oní-POS. Àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọmọ kan ṣoṣo tó fọkàn tán ni kó mú dání. Àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú náà sì wà: iye tó wà nínú àkáǹtì ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó wọlé.

Ẹ má sọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ nù nítorí pé fóònù ti dé. Òṣìṣẹ́ á tẹ̀ka sí i láràárọ̀, lójú ẹni méjì. Bí owó ẹnìkan kò bá wọlé, ẹ kọ ọjọ́, iye, àti nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àkáǹtì rẹ̀, kí ẹ gbé e fún alákòóso, kí ó sì bu ọwọ́ lù ú pé òun gbà á. Bí ẹjọ́ oṣù kìíní kò bá tíì tán, kí ẹnikẹ́ni má ti ọkọ́ bọ ilẹ̀ fún oṣù kejì.